Kúlà Búlúù

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wakọ̀ fún Vezemburuka Tjiueza.
Kì í ṣe èèyàn ni mo ń gbé jù.
Ìgò ni, kéékèèké, nínú kúlà búlúù,
yìnyín lábẹ́, yìnyín lórí,
omi ilé ìgbẹ́ gbogbo ìlú Windhoek láàárín,
ó jókòó lẹ́yìn mi bí ọba.

"Gaeseb, rọra. Má jẹ́ kí wọ́n jí."
Àwọn ta ni? Mo wẹ̀yìn, n kò rí ẹnì kankan.
Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rò pé orí ìyá yìí kò pé.

Bàbá rẹ̀ ní màlúù lápá Gobabis.
Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà nírọ̀lẹ́,
igba màlúù á máa wọlé nínú eruku,
á ní, "Ọ̀kan kù. Èyí tí ìwo rẹ̀ wọ́, tó funfun létí."
Ọmọ jogún ojú náà.
Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màlúù ló kọ́kọ́ bi í léèrè:
kí ló ń jẹ mí tí mo fi ń di ilẹ̀?
Bàbá ní, "Mo rán ọ nílé ìwé kí o lè wá ka ìgbẹ́?"
Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Tate."

Nínú láàbù, á da omi sínú àwo pẹlẹbẹ,
á tì í mọ́ inú àpótí tó gbóná bí ara èèyàn.
Tílẹ̀ bá mọ́, ìletò ti tẹ̀ dó síbẹ̀,
tóótòòtó, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ osùn.
Á fi bírò sàmì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan,
ẹnu rẹ̀ á máa mì bí ẹni tó ń pe ẹran wálé.

Kì í ṣe gbogbo wọn lọ̀tá.
Nínú adágún àkọ́kọ́, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn,
àwọn tí kò gba owó oṣù rí
ń jẹ ohun tí a dà nù,
wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sanra, wọ́n ń rì,
omi sì ń mọ́ sí i lókè orí wọn.
"Àwọn ni mò ń bá ṣiṣẹ́, Gaeseb. Ìjọba kàn ń sanwó ni."

Àwọn kan ní omi kò lọ́tàá.
Ó lọ́tàá. Mo ti gbé e nínú kúlà.

Ọdún tí òjò kọ̀, igba màlúù di mẹ́tàdínlógún,
mẹ́tàdínlógún di awọ lórí ọgbà.
Bàbá kó wá sígboro.
Alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ gbé ife omi síwájú rẹ̀.
Bàbá ní, "Mo gbọ́ ibi tó ti ń bọ̀."
Ó wò ó bí ẹni ń wo eyín ẹran tó fẹ́ rà.
"Ka á fún mi."
"Òdo, Tate."
"Òdo?"
"Òdo."
Ọkùnrin tó ti ka màlúù títí dé òdo
mọ bí òdo ṣe wúwo tó.
Ó mu ún.

Ó ti ṣìnà rí o, n kò ní purọ́.
Ọjọ́ Jímọ̀ kan, àwo hu ohun tí kò yẹ kó hu,
ó ní kí wọ́n ti omi pa.
Ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì tò ní Katutura bí ẹni ń dìbò,
fóònù rẹ̀ gbóná títí a fi gbé e sórí yìnyín.
Lọ́jọ́ Àìkú, àwo kejì mọ́ féfé.
Ìbọ̀wọ́ ló ya.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá: *Ọwọ́ mi ni.*
Lọ́jọ́ Ajé, ẹnì kan sọ èèpo ọsàn lu ọkọ̀ wa.
Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ tún lè ṣe é?"
Kò dáhùn. Ó ń na ìbọ̀wọ́ tuntun sí oòrùn,
ó ń wò ó, ìka kan lẹ́yìn ìka kan.

Ó fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá. Wọ́n fún un ní aago ara ògiri.
Kúlà wà lọ́dọ̀ mi; ìyàwó mi kò jẹ́ fi ẹja sí i.

Wọ́n ní omi tí ẹni máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni.
Tiwa ń ṣàn kọjá.
Ó ń gba abẹ́ ilé lọ, ojú rẹ̀ ń rí nǹkan, ó ń padà.
Láàárọ̀, kí n tó bu tèmi,
mo ṣì ń rọra ṣí ẹ̀rọ.